Aṣọ Màmá tí Gbogbo Ayé Ró

Èmi ni mo kọ́kọ́ ró aṣọ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń rìn nílùú wa, oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn ń sọ. Wọ́n ní olè ló wọlé. Wọ́n ní àwọn tó ń gba ẹnubodè kọjá ló gbé e. Kò sí olè kankan. Èmi ni, inú mi sì ń dùn nígbà tí mo ń ṣe é, inú mi ń dùn bí ẹni pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín sí mi nínú ikùn.

Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Tí inú mi bá dùn, ẹsẹ̀ mi kì í dúró sójú kan. Ìwòyè là ń gbé, létí ẹnubodè, níbi tí èèyàn ti lè mu ẹ̀kọ tán nílé kó lọ kí ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lódìkejì kí oòrùn tó mú. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, mò ń retí kí pólì Ìlaró gbà mí, mo sì ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lójú títì. Èmi àti Màmá nìkan la wà nínú ilé. Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Àwọn òbí mi wà l'Ékòó, wọ́n ń pè wá lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́dún yẹn, òjò rọ̀ débi pé ògiri ilé wa ń hu nǹkan funfun. Nígbà tó dá, Màmá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Àfọ̀n, ó ní òun á lo ọjọ́ mẹ́rin. Mo wo àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń rùn, mo ní kí n ṣe Màmá lóore. Mo kó gbogbo aṣọ inú rẹ̀ jáde kí n sá wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àkísà funfun tó kún fún káńfọ̀, mo rí i.

Kíjìpá ni, aṣọ tó nípọn tí àwọn ìyá àgbà máa ń fọwọ́ hun nínú ilé láyé ìgbà yẹn. Aró ti mu ún títí ó fi dúdú bí omi kànga. Ìlà funfun méje ló gba inú rẹ̀ kọjá. Márùn-ún dé òpin. Méjì kò dé òpin, wọ́n kàn rìn díẹ̀, wọ́n dúró. Òwú pupa tín-ín-rín kan wà létí rẹ̀, nítòsí ibẹ̀ sì ni kókó kékeré kan wà, bí hóró ọkà bàbà, níbi tí òwú ti já tí wọ́n so ó. Mo fi ìka mi pa á. Ó le.

Mo tẹ́ ẹ sórí wáyà, oòrùn mú un, ẹ̀yin èèyàn mi! Mi ò rí aṣọ tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ró o. Ó wúwo lára mi, ó sì tutù, pẹ̀lú bí oòrùn ṣe ń pa á tó. Mo gbé fóònù ti odó, mo jó. Ijó kékeré lásán ni, mo yí lẹ́ẹ̀mejì, mo ju ọwọ́ sókè, mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kí n tó ká aṣọ yòókù tán, fóònù mi ti ń dún bí ọ̀pọ̀lọ́ ìgbà òjò. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí! Òmíràn fi lẹ́tà tó dà bí èèrà tó ń tò lọ kọ̀wé sí mi, fóònù ló bá mi túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní mo rẹwà. Wọ́n ní ibo nìyí. Àwọn ọmọbìnrin kan ní ìlú òkèèrè ti jó ijó náà bí mo ṣe jó o, yíyí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ sókè. Ẹnì kan wá kọ̀wé pé, “Jọ̀ọ́, ṣé o lè ya aṣọ yẹn nìkan fún wa, kí a rí i dáadáa?”

Mo tẹ́ aṣọ sórí ẹní. Mo yà á níwájú, mo yà á lẹ́yìn. Mo súnmọ́ kókó òwú yẹn, mo ya òun náà lọ́tọ̀, torí wọ́n ní jọ̀ọ́.

Màmá dé, ó ṣí àpótí, ó gbóòórùn.

“Àpótí mi ń rùn bí oòrùn.”

“Mo bá yín sá aṣọ ni, Màmá.”

“Gbogbo rẹ̀?”

Mi ò mọ ohun tó dé tí mo fi purọ́. Bóyá bó ṣe béèrè ẹ̀ ni. Mo ní, “Àwọn tó wà lókè nìkan, Màmá.”

Ó wò mí. Ojú Màmá ti ń ṣú nígbà náà, bí ẹni tó ń wo èèyàn látinú èéfín ló ṣe máa ń wò wá. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ó pa àpótí dé.

Ọdún kan kọjá, ó lé díẹ̀. Àwọn èèyàn orí fóònù ti gbàgbé mi, èmi náà sì ti ń gbàgbé wọn. Àfi ọjọ́ kan tí ìyá tó ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi wọ ṣọ́ọ̀bù wa, tó gbé ìdì aṣọ sórí tábìlì. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ìkọjá ẹnubodè ló ti rà á. Ó ní àwọn ọmọ òun fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìjáde, gáùn fún àwọn obìnrin, ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọkùnrin, gbogbo wọn á wọ irú kan náà.

“Ọ̀gá aránṣọ, ẹ má jẹ ìyókù o,” ó sọ fún ọ̀gá mi. “Mo mọ iye ọ̀pá tó wà níbẹ̀.”

“Èmi? Aṣọ yín ni mo fẹ́ jẹ? Ṣé ó ní ẹran nínú ni?”

“Èyí tí mo gbé wá lẹ́ẹ̀kan, mo rí i lára tìmùtìmù yín.”

“Ẹ wò ó, igbákejì aṣọ yín ló wà lára tìmùtìmù mi, kì í ṣe aṣọ yín fúnra rẹ̀.”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ti tú ìdì. Mo rí ilẹ̀ dúdú. Mo rí ìlà funfun méje, márùn-ún tó dópin, méjì tó dúró lójú ọ̀nà. Òwú pupa wà létí. Mo wá kókó òwú yẹn, mo rí i! Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ náà, pẹ̀lú òjìji rẹ̀, ó ń padà wá ní gbogbo ọ̀pá kan, ọ̀pá kan. Mo fi ìka mi pa á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń yọ̀ bí ọ̀rá.

Mo pariwo. Mo fò sókè. Ọ̀gá mi ní, “Kí ló dé? Abẹ́rẹ́ gún ọ?”

“Aṣọ Màmá mi ni! Aṣọ Màmá mi ló ti di aṣọ òkèèrè!”

“Tún jókòó jàre, aláyọ̀-àṣejù. Ṣé Màmá rẹ ló ni fákítìrì?”

Mo fi fídíò hàn wọ́n. Ẹnu ìyá onílé-ìwé là. Ó ní, “Áà! Ayé ti di ọ̀kan o. Ìlú wa náà ti débẹ̀.” Inú gbogbo wa dùn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Màmá, mo fẹ́ kó bá a lójijì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, èmi ni mo rán ọ̀pọ̀ jù nínú gáùn wọ̀nyẹn, mo ń kọrin, ẹsẹ̀ mi lórí máṣíìnì, ìlà méje ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ mi lọ.

Ayé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ Ìwòyè. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìrẹsì ti ń gba igbó kọjá wá látọ̀dọ̀ àwọn tí a kò mọ bí wọ́n ṣe ń kírun tàbí bí wọ́n ṣe ń sìnkú. Bàtà tí mo wọ lọ sílé-ìwé, orúkọ ọmọ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi bírò kọ. Aṣọ bosikọ́nà là ń wọ̀ lọ síbi gbogbo. A máa ń wọ aṣọ tẹ́nì kan ti wọ̀ ní ìlú tó jìnnà, a kì í béèrè ẹni tó ni ín, a kì í béèrè ohun tó ṣe é tó fi bọ́ ọ. Mi ò rò ó rí pé àwọn náà lè wọ tiwa láìbéèrè.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn ọmọ náà gba iwájú ilé wa. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ tíṣà wọn pé kí wọ́n yà kí Màmá mi. Ọ̀sán gangan ni. Màmá jókòó sórí pèpéle, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo fọwọ́ bo ẹnu mi kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Wọ́n tò dé. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, wọ́n ní, “Ẹ káàsán, Màmá.” Gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn nílà funfun, ojú wọn kéékèèké lókè aṣọ náà.

Màmá ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ ó dàgbà.” Ó na ọwọ́ kí ó fi pa èyí tó súnmọ́ ọn lórí, ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká gáùn náà, ó dúró. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó gbé etí aṣọ rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó súnmọ́ ọn títí aṣọ fi kan imú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ìlà. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á. Nígbà tó ka méje, ó wá etí aṣọ lọ, ó wá ojú kókó òwú yẹn, ó ń fi àtàǹpàkò pa á, pa á, pa á.

Ẹ̀wà dà nù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wò ó.

“Ẹ máa lọ,” ó sọ fún àwọn ọmọ náà, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹ máa lọ bọ́ aṣọ yín, oòrùn mú.”

Mo bẹ́ síwájú rẹ̀. “Màmá! Ẹ ẹ̀ rí i? Aṣọ yín ni! Gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́!”

“Ta ló kọ́kọ́ ró o?”

“Háà, Màmá?”

“Ìyẹn tinú àpótí mi. Ta ló ró o?”

“Èmi ni, Màmá.”

Kò lù mí. Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó lù mí ni. Ó ní kí n jókòó, ó wá sọ ohun tí wọn kì í sọ fún ọmọbìnrin tí kò tíì bímọ. Ó ní nínú ìdílé ti òun ti wá, tí obìnrin bá ti bímọ tán, á hun aṣọ tí wọn ó fi sin ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi hun ún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kú, ìlà rẹ̀ á dúró níbi tó bá dúró. Òwú pupa ni ọkọ. Ẹnikẹ́ni kì í wò ó títí di ọjọ́ náà.

“Kókó òwú yẹn ńkọ́, Màmá?”

“Wọ́n wá sọ fún mi pé bàbá bàbá rẹ ti kú lóko. Orí òfì ni mo wà. Òwú já mọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tó ń ka nǹkan tó ti mọ̀ sórí.

“Àwọn ọmọ mi méjì tó ṣáájú mi lọ, ìkókó ni wọ́n. Wọn ò mọ ojú mi dáadáa. Ìlà ni wọn ó fi mọ̀ mí. Mo máa dé ibẹ̀, wọ́n máa rí ìlà tiwọn, wọ́n máa sáré pàdé mi. Ṣé o ti gbọ́? Ní báyìí tí gbogbo ayé bá ń fi ìlà yẹn wọlé síbẹ̀, àwọn tí mi ò bí, àwọn tí mi ò mọ̀ rí, ta ni àwọn ọmọ mi ó máa sáré pàdé? Wọ́n á sáré pàdé ẹni ẹlẹ́ni. Á ti rẹ̀ wọ́n kí n tó dé.”

Oòrùn wà níta, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ̀wà tó dà nù, òtútù sì ń mú mi.

Lọ́jọ́ kejì, a ri aṣọ náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, nídìí igi obì, bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn. Màmá ní òun á hun òmíràn. Mo wo ojú rẹ̀ tó ṣú, mo wo ìka rẹ̀ tó ti wọ́. Mo ní, “Màmá, ojú yín ńkọ́?” Ó ní, “Ojú rẹ dà? Ṣé orí fóònù lo fi í sí ni?” Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omi lójú.

Mo ra òwú wá lọ́jà. Màmá fi eyín já a, ó tutọ́. Ó ní, “Èyí kò ní ìyá.” Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àfọ̀n la ti rí òwú gidi, igi òwú mẹ́ta péré tó ń hù lẹ́yìn ilé ìdáná tí kò sẹ́ni tó ń ká a mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ, mo gun ọ̀kadà bọ̀, àpò òwú láàárín èmi àti ọlọ́kadà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń po aró, èékánná mi dúdú títí di báyìí, ọ̀gá mi ní mo dà bí ẹni tó ń fọwọ́ wa kòtò. A gbé òfì ti ògiri yàrá Màmá. Òun ló ń fọwọ́ wá ojú ọ̀nà òwú, èmi ni mò ń wò ó, èmi ni mo sì ń fi àpasà, igi pẹlẹbẹ yẹn, lu òwú kó fún.

Ẹ gbọ́, kí n má purọ́, inú mi dùn! Mi ò mọ irú ayọ̀ yẹn rí. Bí a bá ti dé orí ìlà ọmọ kan, Màmá á sọ ti ọmọ náà fún mi. Mo gbọ́ pé bàbá mi fi ọdún mẹ́ta kọ̀ láti rìn, tó jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e lọ sóko. Mo gbọ́ orúkọ àwọn ìkókó méjèèjì. Kò tíì sọ wọ́n sókè láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ. Ètò ìlà tuntun yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó ní ibi tó fi àwọn ìkókó sí, ó ní nǹkan tó so mọ́ wọn kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ bó ṣe rí. Mi ò ní sọ àwọ̀ rẹ̀.

Fóònù mi ń sùn nínú ìkòkò ìrẹsì, Màmá ló ní kó máa wà níbẹ̀ tí a bá ti jókòó ti òfì. Ọjọ́ kan tí mo fẹ́ bu ìrẹsì, iná rẹ̀ ń tàn nísàlẹ̀. Ẹni tó ní jọ̀ọ́ níjọ́sí ló tún kọ̀wé. Ó ní, “Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣé o ní òmíràn?” Mo fi ìrẹsì bò ó. Mi ò dáhùn. Mi ò sì pa á rẹ́. Mi ò mọ̀dí rẹ̀. Nígbà míì tí mo bá ń hun aṣọ, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n nínú ìrẹsì yẹn, bí nǹkan tó ń walẹ̀.

Mo ń yára. Ayọ̀ ló ń sá eré lọ́wọ́ mi. Màmá á ní, “Rọra.” Èmi á ní, “Mo fẹ́ ká tètè parí ẹ ni, Màmá.”

“O fẹ́ ká tètè parí ẹ.” Ó tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, ọmọ mi. Máa lù ú.”

Mo lù ú. Ọjọ́ tí a fi òwú tó kẹ́yìn sí i, mo jó nínú yàrá, mo dì mọ́ Màmá, mo gbé e, kò wúwo ju àpò òwú yẹn lọ. Mo fún un ní abẹ kó gé e kúrò lórí òfì. Ó gbà á, ó gbé e sábẹ́ ẹní rẹ̀.

“Màmá, ẹ gé e ká rí i!”

“Ẹni tó ni aṣọ ló ń gé e. Òun ló sì mọ ọjọ́ tó máa gé e.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọjọ́ tó bá gé e ni yóò lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo òwú tí mo yára lù, gbogbo orin tí mo kọ sí i. Láti ìgbà náà, Màmá ti fún mi ní yẹtí rẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá, wọ́n jọ jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín dọ́jọ́rọ̀. Ó ń jẹun dáadáa. Ara rẹ̀ dá. Ó sọ fún mi pé ọkàn òun balẹ̀, pé àwọn ọmọ òun á mọ òun báyìí. Inú mi dùn fún un, mo bura, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àyà mi fi ń dùn mí.

Láràárọ̀ tí mo bá lọ kúnlẹ̀ kí i, òfì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Lónìí náà, mo wò ó. Aṣọ ṣì wà níbẹ̀, ó kún, ó dúdú, òwú rẹ̀ le dandan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Màmá ní, “Kí lò ń wò?”

Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ káàárọ̀.”